Ihò Pọ̀, Pọ́ọ̀tù Ò Tó: Ọ̀rọ̀ USB Lórí Hackintosh

Háàdì dísìkì kan náà, wáyà kan náà, ihò kan náà. Lórí Windows, fáìlì ohùn tó wúwo á ti kọjá kí ẹ tó dìde lórí àga. Ẹ pa á, ẹ tan macOS lórí kọ̀ǹpútà yẹn gan-an, háàdì náà kò ní yọjú rárá, tàbí kó yọjú kí fáìlì máa falẹ̀ títí ẹ ó fi lọ jẹun dé. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to Hackintosh rí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti Apple tí a fi macOS ti Apple sí, á mọ ohun tí mò ń wí. Ohùn ń jáde, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé, káàdì àwòrán ń ṣiṣẹ́. USB nìkan ló kù tí kò gbọ́ràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń rò ni pé mọ́dábọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Wọ́n á gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún wọn, wọ́n á jọ máa fa ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí ihò bá ń ṣiṣẹ́ lórí Windows tàbí Linux tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí macOS, ẹ má tíì dá irin lẹ́bi. macOS ní iye pọ́ọ̀tù tó máa ń kà. Bó bá ti kà á pé, kò ní wo èyí tó kù mọ́.

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ẹni tó fẹ́ gba oríkì ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ kí àgbà tó mọ̀ ọ́n tó lọ, ẹni tó ń ṣe ètò rédíò, akọrin tó fẹ́ kí wọ́n bá òun tún ohùn ṣe, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń wá. Logic Pro ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí Logic Pro fún Windows. Kíbọ́ọ̀dù ABC Extended tó bá macOS wá tún máa ń jẹ́ kí n kọ Yorùbá láìwá sọ́fítíwià mìíràn: Option àti X fún àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, Option àti E fún àmì ohùn òkè. Owó Mac tuntun tó lágbára tó iṣẹ́ yìí ju agbára ilé iṣẹ́ kékeré lọ, nítorí náà ẹrù tòkunbọ̀ láti Computer Village n'Íkẹjà ni mo fi to tèmi: mọ́dábọ́ọ̀dù Z390, ọpọlọ Intel, káàdì àwòrán AMD. Ìwé àdéhùn Apple sọ ọ́ gbangba pé orí kọ̀ǹpútà tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe nìkan ni ó yẹ kí a fi macOS sí. Kí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fi ẹsẹ̀ kan sí i.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2005 ni Steve Jobs kéde pé Apple ń kúrò lórí PowerPC bọ̀ sórí Intel, Mac Intel àkọ́kọ́ sì dé ní oṣù kìíní ọdún 2006. Láti ìgbà náà ni macOS ti ń wọ orí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti Apple. Fún ọdún mélòó kan, USB kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun. El Capitan, ẹ̀dà macOS tó jáde lọ́dún 2015, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Láti orí rẹ̀ ni kọ̀ǹtírólà USB kan, ìyẹn chip tó ń darí àwọn ihò USB, kò ti gbọdọ̀ ní ju pọ́ọ̀tù 15 lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ 15 á yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sẹ́yìn, á ka ihò, á rí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, á ní kí ni wàhálà? Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú mi. Ihò ni ohun tí ẹ ń fojú rí. Pọ́ọ̀tù ni ohun tí kọ̀ǹtírólà ń kà, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe nǹkan kan náà. Ihò USB 2 kan jẹ́ pọ́ọ̀tù kan. Ihò USB 3 kan jẹ́ pọ́ọ̀tù méjì. Bí ẹ bá wo inú ihò aláwọ̀ búlúù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀: mẹ́rin jẹ́ ti USB àtijọ́, márùn-ún yòókù ni USB 3 mú wá. Ojú ọ̀nà méjì tó dá dúró ló wà nínú ihò kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń pè ní HS ń gbé megabit 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; èyí tí wọ́n ń pè ní SS bẹ̀rẹ̀ láti gigabit 5. Ìdí nìyí tí fíláàṣì àtijọ́ fi lè ṣiṣẹ́ nínú ihò kan kí háàdì tuntun sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú ihò yẹn kan náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kà á lórí Z390. Kọ̀ǹtírólà inú rẹ̀ ní HS 14, ó ní méjì tí wọ́n ń pè ní USR tí kò sí ihò kankan tó bá wọn lọ, ó sì ní SS 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26. HS01 ni nọ́ńbà kìíní, HS14 ni ìkẹrìnlá, USR1 gba ìkẹẹ̀ẹ́dógún. SS01 kò tíì dé, nítorí nọ́ńbà 17 ni tirẹ̀. Ó dà bí ibi ìnáwó tí ìkòkò ìrẹsì gbẹ lórí àwo kẹẹ̀ẹ́dógún: ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àwo ni kò kàn án. SS mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pàdánù. Ohun tó sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé nínú HS 14 tó ti jẹun, àwọn kan wà tí ẹni tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù kò so wáyà kankan mọ́. Wọn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọ́n gba àyè.

Ẹ ti wá rí ìdí tí háàdì fi ń hu ìwà méjì. Bó bá lè gba ojú ọ̀nà HS tó wà nínú ihò náà, á yọjú, á máa fi megabit 480 ṣe iṣẹ́ gigabit 5. Bí kò bá lè gbà á, kò ní yọjú rárá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 15? Apple kò ṣàdédé mú un. Gbogbo ohun tí ẹ bá so mọ́ USB ni macOS ń fún ní àdírẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní location ID. Nínú àdírẹ́sì náà, àyè bíìtì mẹ́rin péré ló wà fún pọ́ọ̀tù ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bíìtì mẹ́rin kò lè ka iye tó ju 15 lọ, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń kọ ní F. Mac tí Apple ṣe kò ní ìṣòro yìí, torí wọn kì í fi pọ́ọ̀tù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹtírólà kan. Àwa tí a lọ fi mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún Windows sábẹ́ macOS ni ọ̀rọ̀ kàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́fítíwià kankan, ẹ wo irin ná. Wáyà tó gbé ihò iwájú kéèsì lọ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù ní ẹnu ńlá kan tó ń gba pín-ìnnì 19. Mo ti rí i tó jẹ́ pé kò wọlé dé ìsàlẹ̀, tàbí kí pín-ìnnì kan tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lo ẹrù náà. Nínú BIOS, ojú ètò tí mọ́dábọ́ọ̀dù fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ rí i dájú pé XHCI Hand-off, tó ń jẹ́ kí BIOS fi USB lé macOS lọ́wọ́, wà ní títàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé máòsì tí kò ní wáyà ló ń fò káàkiri lójú iṣẹ́, ẹ yọ ohun kékeré tó ń gba ìró rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ háàdì USB 3. Intel fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde lọ́dún 2012 pé ariwo tí USB 3 ń mú jáde máa ń di àwọn ohun èlò tó ń lo 2.4 GHz lọ́wọ́. Èyí kò kan máàpù, ìyẹn àkọsílẹ̀ pọ́ọ̀tù tí a ń ṣe fún macOS, mo sì mọ àwọn tó ti tún máàpù wọn ṣe léraléra nítorí rẹ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa gba ọ̀nà oríṣiríṣi. Ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí RehabMan ṣe USBInjectAll, sọ́fítíwià tó ń fi pọ́ọ̀tù han macOS, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti kọ́ iṣẹ́ yìí, oore ńlá ló sì ṣe. Nígbà tí OpenCore, sọ́fítíwià tó ń tan macOS lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti Apple, dé lọ́dún 2019 láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Acidanthera, bọ́tìnì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní XhciPortLimit. Ẹ tàn án, òfin 15 á ká kúrò nílẹ̀, gbogbo ihò á ṣí. Ọ̀pọ̀ tàn án, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí macOS 11.3 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2021, bọ́tìnì náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn kan jí, wọn kò rí kíbọ́ọ̀dù, wọn kò rí máòsì. Èmi ò bá wọn bínú sí àwọn tó ṣe OpenCore o. Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn ti sọ ọ́ pé kí a yàgò fún un bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, pé ohun kan ṣoṣo tó tọ̀nà ni kí a dín pọ́ọ̀tù kù sí 15. Èrò tèmi náà nìyẹn.

Bí a bá ní ká dín in kù, a ní láti mọ èyí tí a ní ná. Iṣẹ́ ọwọ́ pátápátá ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo apá tó kù nínú títo Hackintosh lọ. Orí Windows ni kí ẹ ti ṣe é, torí Windows kò mọ òfin 15, gbogbo pọ́ọ̀tù ló máa fi hàn yín. Ẹ ṣí USBToolBox, sọ́fítíwià tó ń fi pọ́ọ̀tù hàn tó sì ń ṣe máàpù, iṣẹ́ ọwọ́ DhinakG. Ẹ wá fíláàṣì méjì: ọ̀kan USB 2, ọ̀kan USB 3. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ ya ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín sí i bí ẹ ṣe rí i, kí ẹ tún ya iwájú. Ẹ wá máa lọ láti ihò dé ihò. Ẹ ti fíláàṣì USB 2 bọ̀ ọ́, ẹ dúró kí orúkọ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ti USB 3 sí i, orúkọ kejì á yọ, ẹ kọ òun náà. Ihò Type-C ni kí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yí ojú wáyà padà ní ìgbà kejì. Bí ó bá jẹ́ SS kan náà ló yọ lójú méjèèjì, irú 9 ni ẹ ó kọ fún un nínú máàpù. Bí SS bá yàtọ̀, irú 10 ni. Kí ẹ má kánjú o. Ẹ fún kọ̀ǹpútà láyè kó ka fíláàṣì kí ẹ tó yọ ọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá lọ yíká tán, ẹ ó rí i pé ohun mìíràn ń jẹ pọ́ọ̀tù láìsí ihò. Bluetooth tó wà lórí káàdì Wi-Fi, orí USB ló ń gbé. Iná aláwọ̀ oríṣiríṣi tó ń tàn lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, orí USB ni òun náà ń gbé. Ẹni tí kò bá wo ìsàlẹ̀ yìí á máa wá ihò tó jẹ pọ́ọ̀tù rẹ̀ títí.

Bí tèmi ṣe lọ rè é. Ihò búlúù mẹ́rin wà lẹ́yìn, ìyẹn pọ́ọ̀tù mẹ́jọ. Type-C kan, méjì. Ihò USB 2 méjì, méjì. Ihò búlúù méjì níwájú, mẹ́rin. Bluetooth kan, iná kan. Ó di 18, mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ. Iná ni mo kọ́kọ́ yọ. Kò bá mi ṣiṣẹ́ kankan. Lẹ́yìn náà mo mú ihò búlúù kan fún kíbọ́ọ̀dù, mo sì yọ SS rẹ̀, torí kíbọ́ọ̀dù kò mọ ohun tó máa fi gigabit 5 ṣe. Ihò búlúù kejì ni háàdì tí gbogbo ohùn oníbàárà wà lórí rẹ̀ ń gbé, n kì í sì í yọ ọ́ níbẹ̀. HS rẹ̀ ni mo yọ, SS nìkan ló kù. Ó pé 15. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti inú makirofóònù, USB 2 ni, ó sì tó o: ohùn kò wúwo tó ohun tí ènìyàn ń rò. Ihò USB 2 ẹ̀yìn ni mo fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ kọ wáyà rẹ̀ nígbà tí àgbàlagbà kan bá ń ki oríkì lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn á yàn yàtọ̀. Ẹni tó ń gé fídíò á fẹ́ kí gbogbo SS wà, á sì fi HS ṣòfò. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà àti dùùrù á ṣe òdì-kejì. Nítorí èyí ni mo fi ń ta ko àwọn tó ń ta fódà EFI “tó ti pé”, ìyẹn fódà tí OpenCore àti máàpù wà nínú rẹ̀, fún ọmọlọ́mọ̀, àti àwọn tó ń wá a kiri láti gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù lè bára mu, kéèsì lè yàtọ̀, ihò iwájú kò sì ní dọ́gba. Nígbà míì, máàpù náà so mọ́ irú Mac tí wọ́n pe kọ̀ǹpútà wọn, bíi iMac19,1. Bí ẹ bá pe tiyín ní orúkọ mìíràn, macOS kò ní wo máàpù yẹn rárá, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, EFI tí mo rà kò jẹ́ kó sùn.” Mo ní, “Àbúrò, ta ni ó ka ihò kọ̀ǹpútà rẹ?” Kò sí ẹni tó kà á. A jókòó, a jọ kà á.

Ọ̀rọ̀ oorun tó sọ yẹn ṣe pàtàkì, pàápàá fún àwa tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́. Bí iná bá lọ tó jẹ́ pé bátìrì ínfátà ló kù, mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn, kó má máa jẹ bátìrì. Tí máàpù kò bá dára, ẹ ó ní kó sùn, á dijú, á sì là á padà lójú ẹsẹ̀. Nígbà púpọ̀, Bluetooth ló fà á. Inú máàpù, pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń sọ irú tó jẹ́: 0 fún ihò USB 2, 3 fún ihò USB 3, 255 fún ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kì í yọ. Bí ẹ bá kọ 0 tàbí 3 fún Bluetooth, macOS á gbà pé ìta ló wà, á máa wò ó bí ohun tí wọ́n ń yọ tí wọ́n tún ń fi padà, kò sì ní sùn. Ẹ kọ 255 fún un. Bí ó bá ṣì ń jí lẹ́yìn èyí, ẹ wá SSDT-GPRW, fáìlì kékeré kan tí a ń fi sínú fódà ACPI tó wà nínú EFI. Òun ló ń dá àṣẹ tí mọ́dábọ́ọ̀dù ń lò láti jí kọ̀ǹpútà dúró. Bí macOS bá sì ń pariwo pé ẹ yọ háàdì láìdágbére lẹ́yìn tó jí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, inú máàpù ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí.

Ti agbára iná kò gba àlàyé púpọ̀. Láti ìran ọpọlọ Intel tí wọ́n ń pè ní Skylake wá, macOS ń retí kí wọ́n sọ iye iná tí pọ́ọ̀tù lè fún ohun èlò. SSDT-USBX ló ń sọ ọ́. 2100 ni iye tí wọ́n sábà ń kọ fún pọ́ọ̀tù kan, 5100 fún àpapọ̀, ní milliamp. Bí iPad kò bá gba iná dáadáa lára Hackintosh yín, ẹ wò ó bóyá fáìlì yìí wà nínú fódà ACPI.

Ẹni tí 15 kò bá tó rárá lè ra káàdì PCIe tó ní chip FL1100. macOS mọ̀ ọ́n láìsí ìrànlọ́wọ́, ó sì ní kọ̀ǹtírólà tirẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ní 15 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù Ryzen, ìyẹn ti ọpọlọ AMD, ju kọ̀ǹtírólà kan lọ ló wà, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí máàpù bá parí, fáìlì méjì tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún macOS, tí wọ́n ń pè ní kext, ni USBToolBox máa ń lò: USBToolBox.kext àti UTBMap.kext tó gbé máàpù tiyín dání. Ẹ kó wọn sí EFI/OC/Kexts, ẹ kọ wọ́n sínú config.plist, fáìlì ètò OpenCore, ẹ pa XhciPortLimit, ẹ tún kọ̀ǹpútà tan. Ẹ ṣí System Information, ẹ wo abẹ́ USB. Níwájú háàdì yín, ẹ gbọ́dọ̀ rí gigabit 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí 480, ẹ padà sórí ìwé tí ẹ yà.

Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ni mo tún ń fi èyí ṣe, nígbà tí Apple ti sọ ní oṣù kẹfà ọdún 2025 pé macOS 26, Tahoe, ni ìkẹyìn tó máa gba Intel. Òótọ́ ni pé ọ̀nà náà ń dí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì mi kò dẹ́kun iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Oríkì tí mo gbà sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, orí rẹ̀ ni mo ti tún un ṣe, ẹbí tó ni ín sì ti ń gbọ́ ọ. Àwọn tí kò lówó Mac tuntun kì í ṣe díẹ̀ láàárín wa, ẹrù Z390 tòkunbọ̀ sì wà lọ́jà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá rà á mọ bó ṣe máa lò ó dé òpin agbára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣe máàpù yín kí ẹ tó fọwọ́ kan update kankan, kí ẹ kó fódà EFI tó ń ṣiṣẹ́ sórí fíláàṣì kan tí ẹ ti dán wò pé ó ń tan kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì lẹ ìwé tí ẹ ya ihò sí mọ́ inú ìdérí kéèsì. Ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn yín náà á nílò rẹ̀.